Orin Tí A Fi Ń De Páìpù

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi ń kanra bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Èmi ni mo fà á. N kò kúkú mọ̀.

Ìwé kejì ni mo kà mọ ní tèmi, ṣùgbọ́n orin kì í tán lẹ́nu mi. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo ti máa ń jókòó sórí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí mo ń kọrin sí i. Èyí tó wà fún páìpù èéfín, èmi ni mo ṣe é:

De orí, kó le,
De ọrùn, kó le,
De ikùn, kó le,
Ìdí ló kù, jẹ́ n sinmi.

Bí mo bá ti pe orí, á yí àwọn nọ́ọ̀tù tó so páìpù mọ́ ẹ́ńjìnnì títí sípánà á fi ké. Báyìí la ó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí, níbi tí páìpù ti ń rọ̀ mọ́ rọ́bà lábẹ́ mọ́tò. Àádọ́ta ọdún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníbàárà ti tú ká díẹ̀díẹ̀. Jíìpù kan ṣoṣo ló kù tó ń gba géètì wa wọlé: ti ọmọ wa, agbẹ̀bí, jíìpù oní-dísẹ́ẹ̀lì tó fi ń gun òkè lọ sí àwọn abúlé. Láàárín páìpù tirẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ hun bí apẹ̀rẹ̀. Fẹlẹ́síbù ni ọkọ mi ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mì, òun náà á máa mì, kí páìpù má bàa ṣẹ́. Òun ló ya. Ọkọ mi fi tuntun sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ya.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ wa wọlé, ó ṣí gbogbo fèrèsé mọ́tò sílẹ̀, ó ń wúkọ́.

“Bàámi, ẹ káàárọ̀. Ó tún ti ya o.”

“Kí ló ya?”

“Èyí tẹ́ ẹ ní kò lè ya mọ́ náà ni.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ọkọ mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi eyín ya á.

“Mo gbé aboyún lánàá,” lọmọ wa wí. “Ìrọbí ń mú un, èéfín ń fín in. Ó ní ṣé wọ́n ń gbé òun lọ bímọ ni, àbí wọ́n ń yan òun. Bàámi, ẹ má bínú. Bó bá tún ya lẹ́yìn tòní, màá máa gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ìgboro.”

Bí jíìpù yẹn bá lọ, géètì wa di títì pa nìyẹn, ọkọ mi á sì jókòó máa ka sípánà.

Ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ìpẹtà ti jẹ àwọn nọ́ọ̀tù òkè. Ó bu kẹrosíìnì sí wọn, wọn ò mira. Ó fi iná sí wọn, ọ̀kan tú, ìkejì ṣẹ́ sínú. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó bú nọ́ọ̀tù, ó bú ìyá nọ́ọ̀tù, ó bú ẹni tó bí ìyá nọ́ọ̀tù.

“Bàámi, ẹ rọra.”

“Dákẹ́ jàre! Ṣé ìwọ lo wà lábẹ́ ibí?”

Ó tó ọ̀sán kí páìpù tó jábọ́. Ó jù ú síwájú mi. Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ti hun apẹ̀rẹ̀ rí, ojú mi mọ ohun tí wọ́n hun. Gbogbo okùn irin yẹn ló dagun sápá kan, bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀.

“Ta ló lọ́ nǹkan yìí?”

“Irin ni. Kò sẹ́ni tó lọ́ ọ.”

Mo dìde, mo wá èyí tó kọ́kọ́ ya nínú àwókù irin. Òun náà dagun, sápá kan náà.

Ọkọ mi fi fẹlẹ́síbù tuntun sí páìpù, ó gbé e padà sábẹ́ mọ́tò. “Olórin, mú orin wá, jẹ́ ká parí ìyà yìí.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó de orí, ó le. Ó de ọrùn, ó le. Ó de ikùn. Nígbà tó kan ìdí, páìpù ò dé ibi rọ́bà. Ó rá a mú, ó lọ́ ọ bí etí ọmọ tó ṣẹ̀, ó fi tipátipá kọ́ ọ. Mo rí i kedere tí fẹlẹ́síbù tuntun náà dagun. Mo dá orin náà dúró.

“Kí ló dé tó o dákẹ́?”

“Orin yìí ló ń ya á.”

“Màámi,” lọmọ wa wí, “orin ló ń ya irin?”

“Orí la kọ́kọ́ ń dè pa. Páìpù ayé ọjọ́un le gbọingbọin, kò kàn án. Èyí ní ibi tó rọ̀. Bẹ́ ẹ bá wá lọ́ ìdí, ibi tó rọ̀ yẹn ni gbogbo lílọ́ náà ń bọ́ sí.”

Ọkọ mi ju sípánà mọ́lẹ̀. “Àádọ́ta ọdún! Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?”

“Rárá o. Orin tèmi ni mo fẹ́ tún ṣe.”

Ó pẹ́ kó tó padà sábẹ́ mọ́tò. Ó ń kùn, ó ń tú gbogbo ohun tó ti dè. Mo wá orin tuntun:

Ìdí, rọra gun rọ́bà,
Ikùn, ọrùn, ẹ má tíì le,
Ká mi páìpù, kó ráyè sùn,
Orí, ó yá, wá le.

Ohùn orin náà kọ̀, kò bá ọwọ́ mu. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u. “Orin rẹ yarọ,” ló ní. Ní ìkẹrin, fẹlẹ́síbù dúró ṣánṣán.

Ọmọ wa ṣáná sí mọ́tò. Èéfín ò yọ níbi fẹlẹ́síbù. Kò yìn wá. “A ó máa wò ó,” ló wí, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bí mọ́tò kan bá ti dún lójú títì, ọkọ mi á na etí. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkarùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ keje ọmọ wa dé, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá rẹ̀ ti wọ abẹ́ mọ́tò. Nígbà tó jáde, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi. Erùpẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí èédú èéfín.

“Orin yẹn ò dùn rárá,” ló wí.

“Ẹ kọ tiyín.”

Ó lọ ṣí apá kejì géètì, èyí tí a ti tì pa láti ìgbà tí àwọn oníbàárà ti tú ká, ó sì fi òkúta gbé e dúró.