Àpótí Béèsì Bàbá Mọrẹ́nikẹ́

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún yín, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń kan àpótí fún sípíkà ọkọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ kí n tó sùn. Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ìyẹn bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní kí n kan àpótí béèsì sínú ọkọ̀ àwọn. Wọ́n ní bí béèsì náà kò bá mú àyà àwọn gbọ̀n, kí n má yọjú sílé àwọn mọ́.

Lójú àlá, mo gbé àpótí náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dán béèsì wò. Ọ́fíìsì náà léfòó sókè, ó ga ju igi àgbọn lọ. Mo gun àkàbà, mo débẹ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé àpótí mi sí gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ó sì tan orin. Béèsì mi rọra ń hùn bí ẹni tó ń wúkọ́ nílé àna.

"Ó kéré," ni ọ̀gá náà wí. "Lọ kan èyí tó tóbi jù ú lọ lẹ́ẹ̀mẹta."

Bó ṣe ń wá òǹtẹ̀ ló di òbúkọ. Èmi ò bínú. Mo bi í bóyá ó ṣì lè fọwọ́ síwèé fún mi, ó ní òun ò lọ́wọ́ mọ́, pátákò ló kù. Ló bá jẹ ìwé náà.

Ẹ̀rù bà mí pé mo máa pàdánù Mọrẹ́nikẹ́. Mo mú ayùn, mo fẹ́ tú àpótí náà palẹ̀. Àfi bí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ṣe gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ju ayùn yẹn sílẹ̀!" ni ọkọ̀ náà wí. "Ta ló máa jókòó sórí pápá gbọ́ ọ? Ṣebí inú mi lo fẹ́ gbé e sí? Inú mi há, mo sì ní òrùlé. Béèsì tó bá wọ inú mi kì í ríbi sá lọ, ṣe ló máa ń di ńlá. Bó ti wù kó kéré tó níta, á di bàbá Mọrẹ́nikẹ́ létí nínú mi."

Àga ẹ̀yìn dá sí i. "Ohùn tín-ín-rín ni tìmùtìmù mi máa ń gbé mì. Béèsì ní tiẹ̀, ó ń gba ara mi kọjá láìkí mi."

Mo bi gíláàsì ọkọ̀ náà bóyá òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá," ló wí, "tẹ́ ẹ bá ṣáà ti gbé mi sókè. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, béèsì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Òbúkọ ní òun kò gbà. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, mo sì jí.

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́ ti dé! Wọ́n ti tan àpótí náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fajú ro.

"Àkànjí, ṣé béèsì nìyí? Ẹ̀fọn ilé mi dún jù ú lọ."

Mo rántí ohun tí ọkọ̀ wí lójú àlá. Mi ò fọwọ́ kan ayùn. Mo gbé àpótí náà sínú búùtù ọkọ̀ wọn, mo so wáyà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wọnú ọkọ̀, kí ẹ tilẹ̀kùn, kí ẹ gbé gíláàsì sókè."

Wọ́n wọlé, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tan orin. Fìlà wọn gbọ̀n, ó sì yọ̀ wá síwájú orí. Mo rí i tí ẹnu wọn ń lọ, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wá sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Mo ní, ọjọ́ wo ni àwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"