Ìgbésẹ̀ Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Adébọ̀dé ń lọ ẹ̀wù funfun kẹtàléláàádọ́rin láti òwúrọ̀ nígbà tí ó gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ láti orí omi. Kò kọ́kọ́ dáhùn. Nínú ọkọ̀ yẹn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni tirẹ̀. Ó wà lára ibùsùn rẹ̀, ó wà lára ìwé rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ọrùn gbogbo ẹ̀wù tí ó ní, kí aṣọ rẹ̀ má baà sọnù sáàárín aṣọ ẹgbẹ̀rún èèyàn.

Wọ́n tún pè é. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ilé ìfọṣọ wà, níbi tí ojú kì í ti í rí ìta. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá náà, tí ó ń gbé àwọn òyìnbó olówó kiri láti èbúté dé èbúté, oṣù kẹta sì nìyí tí ó ti kúrò nílé. Ó ti gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìrìn àjò yìí. Etí ni ó fi mọ òkun náà. Ó máa ń lu ògiri irin lẹ́yìn rẹ̀ bí àlejò tí a kò ṣílẹ̀kùn fún.

Lónìí, ọkọ̀ dúró sáàárín odò níwájú Banjul, olú ìlú Gáḿbíà, wọ́n sì ti ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti gba ẹja àti ọsàn wọlé. Ibẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Essa ni, apẹja ará Bakau tí ó máa ń tẹja fún òun àti ìyàwó rẹ̀ ládùúgbò Box Bar ní Banjul, níbi tí wọ́n ń gbé. Ó dúró nínú ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kí i.

"Kushe-o, ará Nàìjíríà. Inú ilé irin yìí ni o sá pamọ́ sí?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, Essa."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ wí. Òun ló ní kí n wá ọ. Ó ti bímọ. Obìnrin ni."

Adébọ̀dé di etí ilẹ̀kùn mú. Kò béèrè ẹni tí ọmọ náà jọ.

"Ọjọ́ wo?"

"Ẹtì tó kọjá."

Ẹtì ni òní. Ó kà á lórí ìka. Ó tún kà á. Ọjọ́ kẹjọ.

"Ó wà láàyè?"

"Igbe rẹ̀ ló lé mi jáde nílé yín láàárọ̀."

Ọmọ méjì ni Ọmọ́ládé, ìyàwó rẹ̀, ti bí ṣáájú. Ọ̀kan lo ọjọ́ mẹ́ta, èkejì lo márùn-ún. Adébọ̀dé ti ní orúkọ nílẹ̀ de àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó fi oyún kẹta yìí sílẹ̀ lóṣù Ṣẹẹrẹ tí ó wọkọ̀ lọ, ó pinnu pé òun kò ní ronú orúkọ kankan. Kò sì ronú rẹ̀, àní lójú oorun.

"Mámà Hánà ní kọ́mọjáde ni lónìí," Essa wí. "Ó ní oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá ọmọ náà láìlórúkọ, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá ni orúkọ ti ń wá. Wọ́n á gbé e wá sétí omi lọ́hùn-ún."

Mámà Hánà ni onílé wọn. Aku ni, ẹ̀yà kan ní Gáḿbíà. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú, kí wọ́n tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò gbọ́ Yorùbá. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù lẹ́nu rẹ̀: àkàrà, àwùjọ, kọ́mọjáde. Òun a máa sọ pé ọjọ́ keje ni wọ́n ń gbé ọmọbìnrin jáde. Ọmọ́ládé a ní ọjọ́ kẹjọ ni. Ìgbà tí wọ́n jọ kà á ni wọ́n rí i pé ọjọ́ kan náà ni; Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ẹnu ya Adébọ̀dé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbàgbé èdè, wọn kò gbàgbé ọjọ́.

"Agogo márùn-ún la máa gbéra," Adébọ̀dé wí fún Essa.

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Bọ́ sínú ọkọ̀ mi."

Ọ̀fíṣà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tí orúkọ àwọn tí yóò jáde wà nínú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó tún wolẹ̀. Omi tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ọkọ̀ Essa kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Adébọ̀dé wò ó. Ẹni tó bá fò ó láìgbàyè kò ní padà wọlé mọ́, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbà á síṣẹ́.

"Dúró dè mí," ó wí.

Ọ̀gá wọn nílé ìfọṣọ, ará Góà ní Íńdíà kan tó ti hewú sínú ooru, ń yẹ kọ́là ẹ̀wù wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wákàtí méjì."

"Ẹ̀wù irinwó fún àsè alẹ́. Èèyàn mẹ́fà ló ń lọ̀ ọ́."

"Ìyàwó mi bímọ. Òní la ó sọ ọ́ lórúkọ."

Ọkùnrin náà nu òógùn ojú rẹ̀. "Mẹ́rin ni mo bí. N kò sí nílé fún ìkankan nínú wọn. Àkọ́bí mi bi ìyá rẹ̀ léèrè pé ta ni èyí." Ó tún mú kọ́là mìíràn. "N kò lágbára lórí ìwé wọn. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ ọgọ́fà tán kí agogo mẹ́rin tó lù, gòkè lọ wo èbúté láti orí ọkọ̀. Èmi ò rí ọ."

"Orúkọ náà ńkọ́? Ẹnì kan ń dúró dè é. Kí n kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Omi á mú ìwé."

Ọ̀gá ṣí àpótí, ó fa aṣọ ìnuwọ́ funfun tuntun kan yọ, ó sì gbé ìgò íǹkì lé e lórí. Íǹkì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ ni. Bí a bá sè é, bí a bá fi ọṣẹ líle bó o, ibẹ̀ ni yóò wà títí aṣọ yóò fi gbó.

Adébọ̀dé tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó mú gègé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Irin ló wà níwájú rẹ̀, irin ló wà lẹ́yìn. Ó wá ohun tí yóò wò, kò rí. Ó wá bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni: kí ó fojú rí i. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: ÀRÍKẸ́.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ọwọ́ náà ti ń sàmì sí aṣọ, a kì í sì í kọ orúkọ kí a má kọ nọ́ńbà tì í. Kí ó tó mọ̀, ó ti kọ 47. Kò sí bí a ṣe lè pa á rẹ́.

Ó na aṣọ náà sí Essa láti ẹnu ilẹ̀kùn. Essa kò mọ̀wé. Ó ká aṣọ náà, ó fi í sábẹ́ fìlà.

"Tó bá bọ́ sómi ńkọ́?"

"Bá a bọ́," Adébọ̀dé wí.

Essa rẹ́rìn-ín, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Agogo mẹ́rin kù díẹ̀ nígbà tí ó fi ẹ̀wù ọgọ́fà kọ́. Ó gun àtẹ̀gùn irin títí ó fi tán. Nígbà tí ó ti ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ gbá a lójú.

Kò tíì dé òkè yẹn rí. Odò náà fẹ̀ kọjá ohun tí ojú lè kó. Níbi tí ó ti ń wọ òkun, omi pupa àti omi àwọ̀ aró ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò dàpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun, tí kò ní òpin. Èyí ni ó ti ń lu ògiri rẹ̀. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, kò mọ̀ pé bí ó ṣe tóbi tó nìyí. Ìlú Banjul wá dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí iyanrìn.

Àwọn òyìnbó, túbáàbù lẹ́nu àwọn ará Banjul, tó ti Bakau dé ń sọ̀rọ̀ ọ̀nì tí wọ́n fọwọ́ kàn níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan nínú wọn wo ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sún díẹ̀ fún un létí ọkọ̀.

Ó wá rí wọn. Àwọn èèyàn díẹ̀ tó wọ funfun, wọn kò ju èékánná lọ. Ẹnì kan jáde láàárín wọn, ó gbé nǹkan funfun dání. Mámà Hánà ni. Ó dá a mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tí ó máa ń wọ́. Ó ń bọ̀ lórí iyanrìn, díẹ̀díẹ̀. Ó dé etí omi.

Kò dúró.

Obìnrin yìí bẹ̀rù omi. Ó lé láàádọ́rin ọdún, kò wọ ọkọ̀ sọdá sí Barra lódìkejì odò rí. Ó ní omi ti gbé àwọn èèyàn òun tó. Òun ló ń wọ inú odò lọ yìí. Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọwọ́ sí i, kò wẹ̀yìn. Omi mù ún dé orúnkún. Ibẹ̀ ló ti dúró, tí ó sì gbé ọmọ náà sókè, síhà ọkọ̀.

Adébọ̀dé kò mọ ìdí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó gbé e sókè títí fèrè ọkọ̀ fi dún, títí ìdákọ̀ró fi gòkè, títí funfun náà fi di ọ̀kan pẹ̀lú ìfófòó omi.

Ní èbúté Las Palmas ni lẹ́tà Ọmọ́ládé ti bá a. Ó kà á lórí ibùsùn rẹ̀.

"Bàbá Àríkẹ́," bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Adébọ̀dé tún orúkọ náà kà kí ó tó tẹ̀ síwájú. "Ara wa le. Mámà ka aṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n rí 47 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, wọ́n ní bàbá ọmọ ti pàṣẹ pé kí a gbé e rìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta, àwọn kò sì ní í dín in. Ọgbọ̀n pé, wọ́n ti dé omi. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà yín ni. Èmi ni mo ń fọ ẹ̀wù yín. N kò sọ fún wọn."

Ọgbọ̀n lórí iyanrìn, mẹ́tàdínlógún nínú omi. Ó ká lẹ́tà náà. Lẹ́yìn orí rẹ̀, òkun ń lu ògiri. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ó sì fi í síbẹ̀.

Títí dòní, aṣọ ìnuwọ́ náà ṣì wà nínú àpótí Ọmọ́ládé ní Box Bar. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ kan sì ti ya. Íǹkì náà kò ṣí.