Ètò Tó Ń Dákú Lọ́wọ́ Màmá Fẹ́yìsetán

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

Màmá Fẹ́yìsetán gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ọmọ tuntun tún ti dákú. Orúkọ ọmọ tí ó ń tẹ̀ lọ́wọ́ ti pòórá, bẹ́ẹ̀ ìyá ọmọ náà wá láti Idogo, ọ̀kadà rẹ̀ sì ń dúró dè é níta.

Roheemat, tí ó kọ ètò náà fún ilé ìwòsàn aládàáni yìí ní Ayétòrò, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọwọ́ Màmá nìkan ló ti ń dákú?"

Nọ́ọ̀sì Àṣíáwù gbọ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà gbọ́.

"Kí lo rò pé mò ń ṣe sí i, Roheemat?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Roheemat fi kọmpáílà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Kọmpáílà ni ó máa ń sọ ohun tí ó bá kọ di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ fura sí. Ó dán ètò náà wò títí ọwọ́ fi ń ro ó: ó tẹ orúkọ tirẹ̀, Roheemat Jibril, ó tẹ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Habeebullah, ó tẹ ti gbogbo ará ilé wọn pátá. Kò dákú lẹ́ẹ̀kan. Ó bá dá kọmpáílà láre, ó sì yí ojú sí Màmá, ẹni tí ó ti sọ rí pé káàdì tí wọ́n ń fọwọ́ kọ dára ju ti ẹ̀rọ lọ.

Dókítà Bàrúwà, tó ni ilé ìwòsàn, kì í ṣe onísùúrù. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí ariwo yẹn ṣẹlẹ̀, ó bi Roheemat léèrè pé, "Ṣé ẹ̀rọ ni àbí èèyàn? Bó bá jẹ́ ìyá yẹn ni, màá fọwọ́ sí lẹ́tà pé kó máa lọ ilé, kí n tó lọ kí Jímọ̀ lọ́la."

"Ó jọ pé Màmá ni, sà."

Ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ètò ló lẹ́bi, iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò lọ. Ká sòótọ́, ó ń fẹ́ kó jẹ́ Màmá.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá kan ní kí wọ́n kọ Ọ̀ṣúnkẹ́mi Olúwapẹ̀lúmi. Roheemat kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó pa á rẹ́, ó ní kí Màmá tẹ̀ ẹ́. Màmá rọra tẹ̀ ẹ́, ètò sì dákú.

Inú Roheemat dùn, àfi bí ẹni tó mú olè. "Kí lẹ tẹ̀ lẹ́yìn Ọ yẹn, mà?"

"Àmì ohùn ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Yorùbá ní Joga-Orílé. Ṣé kí n wá kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ní ìhòòhò ni?"

Roheemat ti ń rí àwọn àmì náà lórí káàdì tipẹ́. Kò kà wọ́n sí rí. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà lásán ń gba ààyè kan, ṣùgbọ́n Ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ń gba márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ náà. Láìsí àmì, ogún ààyè. Pẹ̀lú àmì, mẹ́tàdínlógójì. Ààyè méjìlélọ́gbọ̀n péré ni òun fọwọ́ ara rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún orúkọ. Kọmpáílà àtijọ́ máa ń fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó bá kún wọ́ sílẹ̀ kò sì pa nǹkan kan lára. Ti tuntun kò fi àlàfo sílẹ̀, èyí tó kún wọ́ sílẹ̀ wá ń bọ́ lé ohun tí ètò ń lò lọ́wọ́. Òun, ọmọ Yorùbá, ló ka orúkọ Yorùbá bí ẹni pé kò ní ohùn.

Ojú tì í. Bó bá dákẹ́, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò yí padà. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ètò yóò gbádùn, Màmá yóò sì ti lọ, gbogbo ayé á ní àwọn ò kúkú parọ́ mọ́ ọn.

"O ti rí i," ni Màmá wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

Roheemat kúnlẹ̀ níwájú gbogbo bẹ́ǹṣì. "Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Èmi ni. Ààyè tí mo fún orúkọ kò tó."

Omi lé ròrò sójú Màmá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Lánàá, o pariwo ju báyìí lọ."

Roheemat tún un sọ, ó pariwo. Nọ́ọ̀sì Àṣíáwù gbé ojú sílẹ̀.

Ó dìde, ó lọ sí ọ́fíìsì. Dókítà ti wọ agbádá funfun, lẹ́tà náà wà níwájú rẹ̀, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Roheemat wí, "orúkọ tèmi ló yẹ kó wà níbẹ̀."