Ẹ̀gbọ́n Dùmísà Ò Gbádùn Díẹ̀

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, fetí sílẹ̀ dáadáa kó o tó lọ síwájú. Bí wọ́n bá ní kó o lọ túfọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, má ṣe pe òkú ní aláìsàn. Mo tún un sọ: má ṣe pe òkú ní aláìsàn. Fọlọ́runṣọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Fẹ́sítáàkì lọ́dún 1978, díẹ̀ ló kù kó fi ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sábẹ́ bọ́ǹbù.

Fọlọ́runṣọ́ yìí, mẹ́sẹ́ńjà ni ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń gbé fáìlì àti lẹ́tà láti orí tábìlì kan dé òmíràn, kò sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan. Sítáńdààdì Fọ́ọ̀ ló kà dé. Ó máa ń sọ pé ìyẹn ló jẹ́ kí òun pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé kò sẹ́ni tó lè pe òun wá jẹ́rìí sí ohun tí òun ò kà.

Ojo ni, kò sì bò ó. Ẹ̀rù ọ̀gá ń bà á, ẹ̀rù sójà ń bà á, nígbà tí orúkọ rẹ̀ sì jáde pé ó ní fúláàtì ní Fẹ́sítáàkì, ẹ̀rù tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé wọ́n á gbà á padà. Ẹ̀rù yìí náà ni kò jẹ́ kó lè sọ pé rárá nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kan bi í bóyá àyè wà nílé rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìhà gúúsù Áfíríkà tí ìjọba ń tọ́jú.

Bí Dùmísà ṣe dé nìyẹn. Ọmọ Rodẹ́ṣíà ni, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń bá ìjọba òyìnbó jà, ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Yábàá. Láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, ó ti gbọ́ Yorùbá dé àyè kan. Ó ń pe Fọlọ́runṣọ́ ní Bàbá, ó ń pe Beatrice ìyàwó rẹ̀ ní Màmá. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ pàápàá, àmọ́ ṣe ló máa ń ṣe é bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sábẹ́ àga, Ẹ̀bùnlọlá ọmọ wọn á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló kù fún un láyé. Sẹ́ńsò lorúkọ rẹ̀. Sáḿbíà ló wà, nítòsí Lùsákà, ní ibùdó àwọn tó sá kúrò ní Rodẹ́ṣíà. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń dé lóṣooṣù, Dùmísà á sì kà á sókè fún gbogbo ilé.

Nínú oṣù kẹwàá, rédíò sọ pé ọkọ̀ òfuurufú àwọn òyìnbó Rodẹ́ṣíà ti ré ẹnubodè kọjá wọ Sáḿbíà, pé wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí àwọn ibùdó. Láti ọjọ́ yẹn ni Dùmísà ò ti jẹun dáadáa mọ́.

Mùsúdù ni Fọlọ́runṣọ́ lọ bá sọ ọ́. Ọmọ Ìwó ni Mùsúdù, ó ń gbé ní fúláàtì ìsàlẹ̀, ó sì ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì ní Agbójù. Òun ló dàgbà jù ní bílọ́ọ̀kù wọn.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ gbọ́ ná," ni Mùsúdù wí láàárín àwọn páálí ọjà rẹ̀. "Ṣé Sáḿbíà yẹn ò lólórí ni? Ṣé kò ní àsíá?"

"Ó ní. Wọ́n ní ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà tiẹ̀ bá àwọn ará pápákọ̀ òfuurufú Lùsákà sọ̀rọ̀ látòkè. Ó ní àwọn ò bá Sáḿbíà jà, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí ọkọ̀ tiwọn gbéra."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ìyẹn ni pé èèyàn á wọ pálọ̀ mi, á pa àlejò mi sórí àga mi, á wá ní, 'Alàájì, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín, ẹ̀yin kọ́ ni mo bá wá.' Kí ló wá kù tí mo fi jẹ́ onílé?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́." Fọlọ́runṣọ́ wo títì sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. "Àlejò wà nílé tèmi náà."

"Ẹ̀yin! Ṣé wọ́n á fò láti ibẹ̀ wá Fẹ́sítáàkì ni? Epo wọn á ti tán ní Kóńgò!"

Mùsúdù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Fọlọ́runṣọ́ ò rẹ́rìn-ín. Àwọn tánkì epo ńlá tó wà ní Àpápá ló ń rò, pé bí bọ́ǹbù bá bọ́ lé wọn, Fẹ́sítáàkì á jóná. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti ń kọjá, á jáde sí bàkónì, á wò ó títí á fi lọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní lẹ́tà kan ní ọ́fíìsì. Ó ti gbé e gun òkè dé àjà kẹta, ó ń wá ẹni tó máa gbé e fún, kó tó rí i pé orúkọ òun ló wà lára rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀ ló ti tú u. Ọ́fíìsì tí àwọn ajìjàgbara Rodẹ́ṣíà ní ní Èkó ló ti wá. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí orúkọ Sẹ́ńsò. Ó rí bọ́ǹbù. Ó rí i pé wọ́n pa á. Nísàlẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn sọ fún ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bíi bàbá.

Ó ká lẹ́tà náà sínú fìlà, ó dé e. Kò bọ́ fìlà náà títí ó fi dé Agbójù.

"Innà lílláì," ni Mùsúdù wí. Ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ pa dé ìdajì. "Ẹ ò gbọdọ̀ já a lù ú o. Ẹ kọ́kọ́ ní ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò yá. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ ní àìsàn náà ti ń le. Òun náà á ti máa fura. Ká tó wá kó àgbà jọ, ká jókòó tì í, ká sọ ọ́."

"Bí wọ́n ṣe sọ ti bàbá tèmi nìyẹn," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "Wọ́n ní orí ń fọ́ Bàbá, kí n máa bọ̀ nílé. Ní gáréèjì, kí n tó wọ mọ́tò, mo ti ń sunkún."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ẹ rí i?"

Ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí gbogbo wọn jókòó ti oúnjẹ, Fọlọ́runṣọ́ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Dùmísà. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ... ẹ̀gbọ́n rẹ ò gbádùn díẹ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Beatrice. Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ ọdún méjìlá, dìde, ó wọ yàrá lọ, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un.

Dùmísà gbé orí sókè. "Kí ló ṣe é, Bàbá? Ibà?"

"Ó... ó dà bí ibà."

"Ọsibítù wo?"

Fọlọ́runṣọ́ ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Nígbà tirẹ̀, òun ò bi ẹnikẹ́ni pé ọsibítù wo ni orí bàbá òun ti ń fọ́. "Ti Lùsákà," ló wí.

Dùmísà mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ibà! Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti ń ro nǹkan mìíràn. Mo rò pé bọ́ǹbù yẹn... Ibà máa ń lọ. Màmá, ìrẹsì ṣì wà?"

Ó tún jẹ ìrẹsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ àjẹyó láti ọjọ́ ìròyìn rédíò yẹn nìyẹn. Beatrice bù ú fún un, kò wo ojú rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Fọlọ́runṣọ́ ní àìsàn náà ti ń le. Ó dúró, ó ń wo ojú ọmọ náà bóyá yóò fura. Dùmísà kàn mi orí, ó wọ bàtà, ó jáde. Fọlọ́runṣọ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ti ń yé e bọ̀. Wọ́n fi ìpàdé àwọn àgbà sí ọjọ́ Sátidé.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, rédíò ní ọkọ̀ òfuurufú Rodẹ́ṣíà ti tún wọ Sáḿbíà. Fọlọ́runṣọ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó ní ara òun ò yá. Nígbà tó délé lọ́sàn-án, báàgì ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, mò ń lọ o," ni Dùmísà wí.

"Síbo?"

"Lùsákà. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó búláńkẹ́ẹ̀tì àti oògùn lọ fún àwọn èèyàn wa. Ọ̀rẹ́ mi ní Yábàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ó máa fi mí sínú rẹ̀. Mọ́tò ń bọ̀ wá gbé mi ní aago méjì."

"Ṣé o sọ fún wọn ní ọ́fíìsì yín?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí n lọ. Wọ́n fẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́. Màá tọ́jú Sẹ́ńsò. Tí ara rẹ̀ bá yá, àwa méjèèjì á jọ wà ní ibùdó."

Fọlọ́runṣọ́ yíjú padà, ó gbéra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré títí dé Agbójù. Ìsọ̀ Mùsúdù wà ní títì pa. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì ní, "Ẹ̀gbọ́n, Jímọ̀ lónìí kẹ̀! Alàájì ti lọ mọ́ṣáláṣí. Ṣé kí n bá yín jíṣẹ́?"

"Rárá," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "Kò sí iṣẹ́."

Nígbà tó fi máa padà, mọ́tò kan ti dúró nísàlẹ̀, ó ń fun fèrè. Beatrice pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ sọ fún un."

"Àwọn àgbà ò tíì pé."

"Àgbà wo? Mọ́tò ló wà nísàlẹ̀ yẹn! Ẹ fẹ́ kó lọ bá òkú ní ọsibítù? Tí bọ́ǹbù bá tún wá pa òun náà ńkọ́, ta lẹ máa sọ pé kò gbádùn?"

Dùmísà ti gbé báàgì, ó ń bọ̀. Fọlọ́runṣọ́ di ọwọ́ báàgì náà mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń dúró dè mí."

"Kò sí aláìsàn ní Lùsákà."

"Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn?"

"Sẹ́ńsò ti kú." Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, láìsí àga, láìsí omi, láìsí àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bọ́ǹbù ló pa á. Nínú oṣù tó kọjá."

Beatrice gbá ọmọ náà mú látẹ̀yìn kó má baà ṣubú. Kò ṣubú. Ó dúró gbọnin-gbọnin. Awakọ̀ tún fun fèrè, ó pariwo látìsàlẹ̀ pé ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni. Ẹ̀bùnlọlá yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ máa lọ o, kò lọ mọ́." Wọ́n gbọ́ bí mọ́tò náà ṣe lọ. Dùmísà ò yíjú wò ó.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé náà," ló wí.

Fọlọ́runṣọ́ bọ́ fìlà. Òógùn ti mú lẹ́tà náà rọ̀. Dùmísà kà á lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ padà sí òkè ìwé náà níbi tí wọ́n kọ déètì sí, ó dúró síbẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n fún yín, Bàbá?"

Fọlọ́runṣọ́ ń wo báàgì.

"Ní Sọ́ńdè, tí mò ń jẹ ìrẹsì, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Ẹ dá a lóhùn," ni Beatrice wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé báàgì náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wé e. Dùmísà tún bi í. Wọ́n bi í títí tí Mùsúdù fi ti mọ́ṣáláṣí dé. Báàgì náà ni Fọlọ́runṣọ́ ṣì fi ọwọ́ wé.