Ìdákọ̀ró Tí Kòlèjá Yàn

Ká má parọ́, káfíńtà ò mọ nǹkan kan nípa okùn. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti fẹ́ obìnrin tó ń ta okùn, síbẹ̀ tí wọ́n bá ní kó mú okùn kan wá láti yàrá, èyí tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló máa fà jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Òun ló dá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá omi sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n, àjẹ̀, okùn àti ìdákọ̀ró. "Kò lè já" ni ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń ta ọjà, àwọn oníbàárà sì sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lórí. Kòlèjá ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta rèé tí iyè Kòlèjá ti ń ra. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, àmọ́ ta ni kì í gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Lẹ́yìn náà ló gbàgbé iná tó dá, díẹ̀ ló kù kí ilé ìdáná jó. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ojú ọkọ rẹ̀. Láyé ọjọ́sí, "ìwọ" ló máa ń pe ọkùnrin yìí, kódà lójú àwọn àna, tí wọ́n á máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin yìí ò bọ̀wọ̀ fọ́kọ. Ní báyìí, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá" ló ń kí i. Ọ̀wọ̀ náà sì ń dun káfíńtà ju èébú lọ.

Ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, ti sọjú abẹ níkòó. "Bàbá, ẹ ò lè dá a ṣe mọ́. Tó bá di aago mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé, mo máa wá gbé màámi lọ sọ́dọ̀ mi." Káfíńtà ò jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ gbé ìyàwó òun lọ sórí omi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń wa ọkọ̀ onígi tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn lọ sí àárín omi, wọ́n á sọ ìdákọ̀ró, wọ́n á sì jókòó sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ó dá a lójú pé bí ibì kan bá ṣẹ́ kù láyé tí obìnrin yìí ti lè tún pe òun ní "ìwọ," ibẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó o.

Ọkọ̀ onígi náà ti jẹrà tipẹ́. Ọkọ̀ rọ́bà kékeré táwọn ọmọ-ọmọ wọn fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ló kù, kò sì ní ìdákọ̀ró, kò ní okùn. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta náà ló máa gbé e lọ. Ìdí nìyí tí káfíńtà fi fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Kòlèjá ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí. Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi." Kòlèjá dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, bí èèyàn ṣe ń dá ẹni tí kò rí rí lóhùn.

Káfíńtà kọjá sídìí irin tó wúwo jù. Lójú tiẹ̀, ohun tó bá ti wúwo ló dáa. Ìdákọ̀ró ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́rin ló gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ké. "Èyí ni mo fẹ́," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, irú ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi dá dúró?"

Kòlèjá ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ohùn ṣọ́ọ̀bù ni, ohùn tó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Ọkọ̀ rọ́bà ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Ọkọ̀ rọ́bà!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ fẹ́ gbé irin ṣóńṣó mẹ́rin sínú ọkọ̀ afẹ́fẹ́? Ẹ kúkú mú abẹ́rẹ́ dání, ìyẹn ò ní dùn yín lẹ́yìn."

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti nu ojú rẹ̀.

"Báwo lomi ṣe jìn tó? Kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Àwọn wo ló máa jókòó sínú ọkọ̀?" Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni Kòlèjá máa ń bi gbogbo oníbàárà. Tí wọn ò bá rí i dáhùn, kì í tà fún wọn.

"Mítà mẹ́ta. Ẹrẹ̀ ni." Káfíńtà wo ojú rẹ̀. "Èmi àti ìyàwó mi ni."

"Ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó." Ó lọ sídìí pẹpẹ láìjẹ́ pé ẹnì kan júwe fún un, ó sì gbé ìdákọ̀ró kékeré kan wá tí orí rẹ̀ rí bí olú tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n fi rọ́bà bò. "Èyí ò lẹ́nu tó máa fi gún ọkọ̀ yín. Á rì wọnú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á sì dì í mú."

Káfíńtà na ọwọ́ sí okùn aláwọ̀ yẹ́lò kan. Ìyàwó rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ìyẹn máa ń léfòó, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlòmíì á ká a. Náílọ́ọ̀nù funfun yìí ni kẹ́ ẹ mú. Ó máa ń nà díẹ̀, tí ìgbì bá ti ọkọ̀, á gbà á pẹ̀lẹ́." Ó mú àtẹ́lẹwọ́ káfíńtà, ó fi okùn náà sí i, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí láti wò ó bóyá ó kún un lọ́wọ́. "Okùn tínrín náà ò lè já o, àmọ́ á máa ge àgbàlagbà lọ́wọ́ tó bá ń fà á sókè."

Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà bọ̀rọ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú àpá àtijọ́ tó wà níbẹ̀.

"Ọwọ́ yín le bí ọwọ́ káfíńtà," ó wí. "Káfíńtà lọkọ mi náà."

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. "Ṣé lóòótọ́?"

"Káfíńtà gidi. Àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa okùn." Ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ tó sọ ọ́, ẹ̀rín ìyàwó.

Káfíńtà ní kí wọ́n gé mítà mẹ́ta fún òun, ṣebí mítà mẹ́ta lomi. Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Ìdákọ̀ró kì í dúró bí òpó. Tí okùn bá kúrú, á máa fà á tu ni, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ìlọ́po méje ni." Ó na apá méjèèjì, ó ń wọn okùn láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, ó ń kà á títí ó fi dé apá mẹ́rìnlá, tí í ṣe mítà mọ́kànlélógún, kò sì ṣì í kà. Obìnrin tí kò mọ ọjọ́ òní!

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti dé etí omi. Káfíńtà ń fẹsẹ̀ tẹ pọ́ọ̀mpù, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọ̀dọ́kùnrin tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Ó so okùn mọ́ òrùka iwájú ọkọ̀, ó sì na ọwọ́. "Ó yá, bọ́ sínú ọkọ̀ ká máa lọ."

Kòlèjá fà sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Bàbá, ẹ má bínú. Ṣebí ìyàwó yín lẹ ní ẹ fẹ́ gbé lọ. Abilékọ lèmi o. Tí ọkọ mi bá dé, tó bá mi lórí omi pẹ̀lú ọkùnrin mìíì ńkọ́? Òun ni mò ń dúró dè."

"Èmi lọkọ rẹ."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin náà, ó ń wo ọ̀tún wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀. Káfíńtà fa ọwọ́ tó nà padà. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Kì í ṣe pé obìnrin yìí ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Torí pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ló ṣe kọ̀ ọ́.

"Ó dáa, ìyá. Ẹ jókòó sábẹ́ igi," lòun náà wá wí.

Ó wọ ọkọ̀ lóun nìkan. Ó rántí pé láyé ijọ́un, òkè omi lòun ti máa ń wa ọkọ̀ bọ̀ wá gbé e tó bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bóyá tó bá rí òun tí òun ń bọ̀ láti ọ̀hún, á dá òun mọ̀. Ó wà á dé ibi tí wọ́n máa ń dúró sí, ó sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀, ó tú okùn jáde gbogbo. Atẹ́gùn fẹ́, ọkọ̀ yí imú padà, ó sì dúró pa. Ìdákọ̀ró náà mú dáadáa. Ibẹ̀ ló ti sunkún bí ọmọdé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ ọ.

Nígbà tó nu ojú tán, ó fa ìdákọ̀ró sókè, ó sì wa ọkọ̀ padà. Ó juwọ́ bó ṣe máa ń jù ú. Kòlèjá dìde lábẹ́ igi, ó fọwọ́ bo oòrùn lójú, ó sì rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ó wí nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. "Níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ yẹn, ṣé ẹ ò rí ọkọ mi?"

Aago mẹ́rin ti lù, ọmọ wọn ti ń fọn fèrè mọ́tò lójú títì.

"Mo rí i," ni káfíńtà wí. "Ó ní kí n kí yín."

"Kí ló ń dá a dúró?"

"Ó ń bọ̀. Ó ní kẹ́ ẹ máa bá ọmọ yín lọ ná."

Kòlèjá wo ojú omi. "Ó lóun máa wá bá mi?"

"Ó ní òun máa wá."

Kòlèjá gbọn iyanrìn kúrò láṣọ, ó dúpẹ́, ó sì gun òkè lọ bá ọmọ rẹ̀. Kó tó wọ mọ́tò, ó yíjú padà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún rí i, ẹ sọ fún un pé kó má pẹ́ o."

"Màá sọ fún un," ni ọkọ rẹ̀ wí.