Sísọ́ọ̀sì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìyá mi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ, ó sì jẹ́ kí n máa bá a yan odì.

Télọ̀ ni àwa méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù kan la jọ ń lò, kọ́tìnnì ló pín in sí méjì. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò ríran dáadáa. Tó bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, màá dìde lọ bá a ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìjà wa kò tóbi. Mo sọ níwájú oníbàárà pé ọrùn aṣọ tó gé wọ́. Ó wọ́ lóòótọ́.

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́," ló sọ.

Mo ṣì ń kí i láàárọ̀, àgbà ni; "hùn" lásán ló máa ń fi dáhùn. Nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́. Èmi náà ò kí i mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kan tábìlì. Ẹni tí kò lè dáhùn kíkí mi, òun ló fẹ́ fi mí ṣe ọmọṣẹ́? Mo tẹ máṣíìnì mi kí ariwo rẹ̀ lè bo tiẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni?"

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Olóríkunkun. Fi í sílẹ̀ jàre."

Nígbà tí kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìyá wa ní ó rìnrìn àjò. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì fún wa ló sọ òótọ́ fún mi: "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rí ẹ̀gbọ́n yín ní ọsibítù. Jẹjẹrẹ ọ̀fun yìí mà burú o."

Mo sáré lọ. Àìsàn náà ti gba ohùn rẹ̀ tipẹ́. Ó rí mi, ó mú ṣíbí, ó fi kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì.

Abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà aṣọ mi. Mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fa ọrùn aṣọ tèmi, ó tọ́ka sí i pé ó wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín láìsí ohùn.

Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹnu ẹ kì í dúró. Táwọn oníbàárà bá gbọ́, wọ́n á sá lọ. Kí la ó máa jẹ?"

"Ṣé òun ló ní kẹ́ ẹ má sọ?"

Ó wolẹ̀. "Ó fọwọ́ júwe pé kí n pè ẹ́ wá. Mo sọ fún un pé o ní o ò ní wá."

Ẹ̀gbọ́n mi kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìyá wa ní kí n dárí ji òun, pé èmi nìkan ló kù fún òun. Mo ń gbé oúnjẹ fún un. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ rántí ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ ni mò ń gbọ́: "Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."