Ìbéèrè Modiri Nínú Ọkọ̀ Tó Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Sethunya sọ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ, àmọ́ ó wọ ọkọ rẹ̀ lára bí ẹ̀gún.

"Bàbá Boipelo, ariwo ọkọ̀ wa yìí pọ̀ jù. Ká tó dé ọgbà màlúù wa, etí mi á ti di. Otsile ló bá nọ́ọ̀sì kan dín ariwo ọkọ̀ tiẹ̀ kù. Wọ́n ní téèyàn bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ báyìí, àfi bí ìgbà téèyàn pa Bíbélì dé."

"Otsile wo?"

"Otsile mélòó ló wà ní Serowe?"

Modiri mọ èyí tó ń wí. Kí àwọn ẹbí Modiri tó kó màlúù ìdána wá sílé àwọn Sethunya, Otsile ni gbogbo ayé rò pé yóò fẹ́ ẹ. Àṣé ibi ìwakùsà ní Rustenburg, nílẹ̀ òkèèrè, ni Otsile ń lọ ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ló gbé títí irun rẹ̀ fi funfun, kó tó padà wálé lọ́dún yìí láìmú ìyàwó kankan bọ̀, tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá títì, tó ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe, tó sì ń lẹ rọ́bà mọ́ inú ọkọ̀ kí ariwo má bàa wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí Sethunya bá ti wé gèlè tó fẹ́ jáde, ojú Modiri a máa bá a dé ẹnu ọ̀nà. Kò bi í ní nǹkan kan rí. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti máa ń wà ní àwọn méjì péré, òkúta ọ̀nà ń ta, irin ń mì, afẹ́fẹ́ ń súfèé. Ta ló lè bi ìyàwó rẹ̀ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń pe màlúù?

"Èmi náà lọ́wọ́ méjì," ó ní. "Màá ṣe é fúnra mi."

Ó ra rọ́bà náà wá láti Palapye, rọ́bà dúdú tó nípọn bí ọ̀dà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Ó tú àga ọkọ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó bá iyanrìn àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbá a, kò fọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ rọ́bà mọ́ ọn.

Sethunya gbé tíì wá fún un. "Ṣé wọn kì í kọ́kọ́ fọ irin náà ni?"

"Otsile ló sọ fún ẹ?"

Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oòrùn oṣù kẹwàá ní Serowe kì í ṣẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n tún ń lọ sọ́dọ̀ màlúù, rọ́bà òrùlé ọkọ̀ rọ̀, ó ṣí, ó sì bo Modiri lójú níbi tó ti ń wakọ̀. Díẹ̀ ló kù kó gbá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Sethunya rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò rín. Ohun tó ń rò ni pé ẹ̀rín yẹn yóò dé ṣọ́ọ̀bù Otsile láìpẹ́. Ló bá pinnu pé òun fúnra òun ni yóò gbé ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀, kí obìnrin náà má bàa ráyè lọ ṣàlàyé.

Otsile yọjú wo inú ọkọ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, Rra tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin ló pè é.

"Ta ló lẹ̀ ẹ́, Rra?"

"Èmi ni."

"Bọ́ ẹ̀wù ẹ. Jẹ́ ká jọ tún un ṣe."

Wọ́n ha èyí tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n fi sípíríìtì nu irin títí àkísà kò fi dọ̀tí mọ́, wọ́n wá lẹ tuntun, wọ́n ń fi irin róbótó kan yí i mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìka méjì ni kò sí lọ́wọ́ òsì Otsile, ìwakùsà ti jẹ ẹ́. Modiri ń wo ọwọ́ náà ṣáá, ó ń wá ohun tí Sethunya rí lára rẹ̀ nígbà kan.

"Ibi tí Sethunya ń jókòó sí nìyí?" Otsile bi í nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀kùn kejì.

"Ibẹ̀ nìyàwó mi ń jókòó sí."

Otsile sorí kọ́. "Mo gbọ́, Rra." Ó wá yí irin náà lórí ilẹ̀kùn yẹn, ó tún un yí, ó tún un yí. Modiri rí i. Owú mú un, àmọ́ kò rí èébú kankan tó bá ọ̀rọ̀ mu.

Nígbà tí wọ́n tún máa lọ sọ́dọ̀ màlúù, inú ọkọ̀ náà dákẹ́ débi pé Modiri ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń jẹ àkàrà òyìnbó tí wọ́n rà lójú ọ̀nà. Kò sí ariwo tó lè sá sí lẹ́yìn mọ́. Bí títì ọlọ́dà ṣe tán tí wọ́n bọ́ sórí iyanrìn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

Obìnrin náà kò bèèrè pé ta ni. "Nígbà yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo ń retí kó wá tọrọ mi. Kò wá. Ìwọ lo wá."

"Tó bá wá ńkọ́?"

"Ǹ bá fẹ́ ẹ."

Modiri di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tí yóò fà á tu. Irọ́ ló ti ń wù ú kó gbọ́.

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Bàbá Boipelo, ọkọ̀ ta ni mo wà nínú ẹ̀ yìí? Ọkọ̀ ta ni mo ti ń wọ̀ látọjọ́ tí Boipelo ti wà níkùn? Ariwo ẹ̀ ń di mí létí, síbẹ̀ mò ń bá ẹ wọ̀ ọ́."

Ó gé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí i. Modiri kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Kò dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ "ǹ bá fẹ́ ẹ" ṣì wà níbẹ̀ bí egungun ẹja. Sethunya wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Boipelo ọmọ wọn ṣe fẹ́ ṣí ilé ìrun-dídì ní Gaborone. Modiri dá a lóhùn, obìnrin náà tako ohun tó wí, òun náà tún fèsì. Àríyànjiyàn yẹn ni wọ́n bá dé ẹnu géètì ọgbà màlúù.